Ojú Ń Tì Mí: Ta Ló Ni Ojú Yẹn?

Fún ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ètò yìí dípò kí ẹ gbọ́ ọ, bóyá torí dátà ni o, bóyá torí ọ̀gá yín jókòó sítòsí ni, gbogbo ohun tí mo sọ lọ́sẹ̀ yìí ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí kúrú lẹ́nu, àmọ́ ó gbòòrò nínú ayé wa. "Ojú ń tì mí." Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá tí kò sọ ọ́ rí. O dé òde àríyá, o wo ara ẹ, o rí i pé ìwọ nìkan ni o ò wọ aṣọ ẹbí. Olùkọ́ ní kí o dìde kàwé sókè. Ọ̀rẹ́ ẹ gbé fóònù sókè, ó ní "ẹ kí wọn o", fídíò sì ti ń lọ. Kò sẹ́ni tó bú ẹ. O ò jí nǹkan kan. Síbẹ̀, ọwọ́ ẹ ò mọ ibi tó máa wà mọ́, ohùn ẹ ń wọlẹ̀, ó sì dà bíi pé gbogbo ayé ló ń wo bàtà ẹ.

Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ fún un. Wọ́n ń pè é ní self-conscious, ìyẹn ni pé èèyàn ń mọ ara rẹ̀ lára jù. Ṣé ẹ rí i pé wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ẹni náà fúnra rẹ̀? Yorùbá ò ṣe bẹ́ẹ̀. Yorùbá gbé e sínú ojú. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ojú ló ń ṣe é, èmi kọ́

Ẹ wo bí gbólóhùn náà ṣe tò. Ta ló ń ṣe nǹkan nínú "ojú ń tì mí"? Ojú ni. Èmi wà lẹ́yìn, èmi ni wọ́n ń ṣe nǹkan sí. Ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: ebi ń pa mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, òtútù ń mú mi, oorun ń kùn mí, ẹ̀rù ń bà mí. Lédè wa, irú nǹkan báwọ̀nyí máa ń wá bá èèyàn ni, bí àlejò tí kò pe fóònù kó tó dé. Pidgin tí à ń sọ nígboro náà gbà bẹ́ẹ̀. "Shame dey catch me" ni wọ́n ń wí. Ìtìjú ló mú mi, èmi kọ́ ni mo mú un.

Àmọ́ ẹ yí i padà díẹ̀: "mò ń tijú." Ọ̀rọ̀ méjì kan náà ni, tì àti ojú, a kàn so wọ́n pọ̀ ni. Nínú èyí, èmi ni mò ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí màmá yín fi lè sọ fún ọmọ kékeré tó sá sẹ́yìn ìró pé "má tijú, wá kí wọn." Àṣẹ ni. Ohun tí ọmọ náà lè jáwọ́ nínú ẹ̀ ni wọ́n ń bá a sọ. "Ojú ò ní tì ẹ́" ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe àṣẹ rárá. Àdúrà ni, a sì ń ṣe àmín sí i, torí ohun tí agbára wa nìkan ò ká là ń gbàdúrà sí.

Nítorí náà, nígbà míì tí ojú bá ń tì ẹ́, bi ara ẹ léèrè pé èwo ni nínú méjèèjì? Ṣé ojú ló ń tì mí ni, àbí èmi ni mò ń tijú? Èyí àkọ́kọ́ lè jẹ́ pé wàá ní sùúrù títí tó máa fi kọjá. Èkejì, o lè pinnu pé o ò ṣe mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa fàmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ gba èyí: "tì" máa ń gba àmì ìsàlẹ̀ bí "mí" tàbí "wá" bá tẹ̀lé e. Ojú tì mí, ojú tì wá. Bí orúkọ bá tẹ̀lé e, àmì yẹn máa ń kúrò. Ojú ti Bọ́lá, ojú ti ọmọ náà. Ẹ̀yin náà ẹ pè é sókè, ẹ máa gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ojú ta ni?

Nínú èdè wa, ojú kì í ṣe ẹyinjú nìkan. Ojú ni iwájú orí èèyàn. Ojú ni pé ẹnìkan wà níbẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀: "ìṣojú mi ni", "lójú gbogbo ayé." Bí ẹnì kan bá ń ṣe ohun tí kò dénú, a ní ó ń ṣe ojú ayé. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Tí ojú bá wá ń tì mí, ojú méjì ló wà níbẹ̀. Tiwọn tó ń wò mí, àti tèmi tí mi ò lè gbé sókè. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé tiwọn wà ńbẹ̀, ẹ ronú nípa ẹni tó ń dá lọ sóko láàárọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, tó sì jókòó gbì sínú ẹrẹ̀. Á bú ẹrẹ̀ náà, á dìde, ó tiẹ̀ lè rẹ́rìn-ín. Irú ìṣubú yẹn gan-an ní gáréèjì Ìkẹ́rẹ́, lójú àwọn ọlọ́kadà àti àwọn oníbúrẹ́dì, ọ̀rọ̀ míì ni. Ẹrẹ̀ kan náà, ìdí kan náà. Ojú ló fi yàtọ̀.

Ibẹ̀ la sì ti máa mọ ìyàtọ̀ láàárín ìtìjú àti ẹ̀rù. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ojú ń tì mí nítorí ẹni tó máa rí i. Ẹni tó ní òun ò lè gun orí pèpéle sọ̀rọ̀ kì í ṣe ojo. Bóyá ẹni yẹn lè kojú ejò nínú oko. Ejò ò ní rojọ́ ẹ fún ará àdúgbò.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ ká ṣì mú. Nínú èdè òyìnbó, ojú ẹni tí ìtìjú mú máa ń pọ́n. Charles Darwin tiẹ̀ kọ orí odindi kan lórí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1872. Má ṣe gbé ìyẹn wọ inú Yorùbá o. Tí o bá ní "ojú ń pọ́n mi", ẹni tó gbọ́ ẹ máa rò pé ìyà ló ń jẹ ẹ́, á sì máa wo àpò rẹ̀ wò.

Ìtìjú tó dáa, ìtìjú tí kò dáa

Ìtìjú fúnra rẹ̀ kì í ṣe àrùn lójú Yorùbá. Tí wọ́n bá ní ọmọ kan nítìjú, ìyìn ni. Ó mọ̀ pé ojú àwọn èèyàn wà lára òun, kò ní ṣe kinní kan tó máa ba orúkọ ilé jẹ́. "Aláìnítìjú" ńkọ́? Èébú tó wúwo ni. Òṣèlú tó kó owó iná ọba ìlú jẹ, tó tún padà wá béèrè ìbò ní ìlú kan náà tó ṣókùnkùn, kò sí ọ̀rọ̀ míì tó bá a mu jùyẹn lọ. "Ojú ò tiẹ̀ tì wọ́n!" La máa ń wí. Ẹ kíyè sí i, ọ̀dọ́ ò lè dojú kọ àgbàlagbà kó bi í pé "ojú ò tì yín?" Ìbéèrè kọ́ nìyẹn, ìwọ̀sí ni.

Àmọ́ ìtìjú tún ní ibi tó ti ń pani. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìtìjú kárùn. Ẹ wo ìyá tó fọwọ́ kan kókó nínú ọmú rẹ̀, tó wá ń dá a gbé kiri fún oṣù mẹ́fà torí pé dókítà ọkùnrin ló wà ní ọsibítù. Ẹ wo bàbá tí ìtọ̀ ń nira fún, tó ní òun ò lè sọ ìyẹn létí nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ òun. Àrùn ò mọ ìtìjú. Ojú ń ti aláìsàn, ojú ò ti àìsàn. Tí ẹ bá ní òbí tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí nílé, ẹ má kàn ní "ẹ lọ rí dókítà." Ẹ bá wọn lọ. Ojú ẹni tí a fẹ́ràn máa ń jẹ́ kí ojú àjèjì fúyẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òwe tó ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Àwọn tó pa á ń sọ nípa iyì ni. Ẹ má jẹ́ ká mú un lọ síbi tí kò ní kí a mú òun lọ. Ẹ̀sín máa ń kọjá lọ. Lọ́la, nǹkan míì ni wọ́n máa sọ nípa rẹ̀. Ikú kì í padà.

Ìgbà tí ẹlòmíì bá gbé ojú kà ọ́

Títí di ìsinsìnyí, ojú tó ń wá fúnra rẹ̀ là ń sọ. Bí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ kó ojú àwọn èèyàn wá bá ẹ, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ó ti dójú tì ẹ́ nìyẹn. Ìdójútì lorúkọ rẹ̀. Òun ni òbí rẹ ń sọ nígbà tó o ń lọ ilé-ìwé gíga: "Lọ, má lọ dójú tì wá o."

Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé ìdójútì lágbára ju ẹgba lọ. Samuel Johnson, pásítọ̀ tó kọ ìtàn Yorùbá tó jáde lórúkọ The History of the Yorubas ní 1921, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè láyé àtijọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti sú olówó, ó máa gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìlú, á sì rán ológò. Ológò ò ní lu ẹnikẹ́ni. Á kàn wọnú agbo ilé onígbèsè, á jókòó, á bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, á máa sọ̀kò ọ̀rọ̀, á máa kígbe, á tún mú adìẹ ilé jẹ. Kò ní kúrò títí gbogbo ilé á fi kó owó jọ fún un. Wọ́n á ní ó dógò ti onígbèsè.

Ṣé ẹ ti rántí nǹkan kan? Ẹ̀yin tí ẹ ti yáwó lórí áàpù rí, mo mọ̀ pé ẹ ti rántí. O yá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, o pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, ni àtẹ̀jíṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù ẹ: ọ̀gá ẹ, pásítọ̀ ẹ, àna tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ kó mọ̀ ẹ́. Wọ́n á gbé fọ́tò ẹ síbẹ̀, wọ́n á kọ "olè" sí i.

Ìjọba dá sí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, NITDA, àjọ tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan nítorí irú ìwà yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Ìkẹjà. Nígbà tó di òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, Google náà fòfin dè é pé áàpù ayánilówó tó wà ní Play Store ò gbọ́dọ̀ wọ inú nọ́ńbà àti fọ́tò oníbàárà mọ́.

Ẹ wá wo ìyàtọ̀ láàárín ológò àti áàpù. Ológò gba àṣẹ ìlú. Ó wá fúnra rẹ̀, ojú tó ń lò kò kọjá agbo ilé àti àdúgbò, àwọn tó sì ń dójú tì yẹn gan-an ló lè dá owó jọ láti yọ ẹ. Áàpù ò bi ẹnikẹ́ni. Ojú àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa gbèsè náà ló ń kó jọ, wọn ò sì lè ràn ẹ́ lọ́wọ́. Tí o bá jẹ gbèsè, san án. Àmọ́ gbèsè lo jẹ, o ò fi ojú ẹ dógò.

Ojú àti ohùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan iṣẹ́ mi. Ohùn àwọn èèyàn ni mò ń gbà sílẹ̀, ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, títí dé Aisegba ní ìjọba ìbílẹ̀ Gbọnyin. Nǹkan kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ìyá ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ń dùn, Èkìtì gidi ń jáde lẹ́nu wọn bí omi. Bí iná pupa ẹ̀rọ bá ti tàn báyìí, wọ́n á tún ìró wé, wọ́n á gbé ohùn sókè, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Mo bi ìyá kan nídìí ẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé wàá jẹ́ kí àwọn ará Èkó fi mí rẹ́rìn-ín ni?"

Àwa ọ̀dọ́ burú jù wọ́n lọ. Ẹni tó jẹ́ ọmọ Aisegba láti ilé, tó bá dé Èkó, á sọ pé Adó lòun ti wá, bí ìyẹn náà ò bá sì jẹ́ "Ìbàdàn." Lórí fóònù, tí ìyá ẹ̀ bá pè é nínú bọ́ọ̀sì, á fi òyìnbó dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń tì wọ́n lójú yẹn. Abiodun Adetugbo, onímọ̀ èdè tó ṣe ìwádìí lórí àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá ní 1967, kó Èkìtì pọ̀ mọ́ Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà, ó pè wọ́n ní Yorùbá àárín. Ẹ̀ka gidi ni, ó ní òfin tirẹ̀. Níbi tí Yorùbá ilé-ìwé ti sọ ilé, ikú, iṣu, Èkìtì á fi u bẹ̀rẹ̀: ulé, ukú, usu. Kì í ṣe pé ahọ́n wọ́ wọn. Òfin ni. Fi ìtìjú sínú òfin yẹn, ùtìjú lo máa bá pàdé. Yorùbá tí à ń kọ nílé-ìwé ńkọ́? Àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn bíi Samuel Ajayi Crowther ló tò ó, ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ní 1875 ni wọ́n ṣèpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ ọ́. Ó wúlò, òun ni mo fi ń kọ èyí tí ẹ̀ ń kà. Ṣùgbọ́n ìpàdé ló gbé e sórí àga. Kò sí àṣẹ kankan tó sọ pé kí ojú máa ti ẹni tó ń sọ tilé rẹ̀.

Ẹ tún wo ẹ̀fẹ̀ tó wà ńbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ẹni tó gbọ́n ní ìgboro ni "ó ti lajú." Ọ̀làjú ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀. Ojú kan náà tó ń tini ni wọ́n ní ó là. Ẹni tí ojú rẹ̀ là gidi kò yẹ kó máa ti ojú ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ òwe kan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn lórí èyí: ojú kì í ti eégún kó má mọ ọ̀nà ìgbàlẹ̀. Eégún lè ṣubú lójú agbo, aṣọ rẹ̀ lè ya, àwọn ọmọdé lè hó lé e lórí. Ó ṣì mọ ibi tó ti jáde, á sì padà síbẹ̀ lọ tún ara ṣe. Èdè ilé ni ọ̀nà ìgbàlẹ̀ tiwa. Bí ọmọ ọdún márùn-ún bá dàgbà láì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, torí ojú ń tì ẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀nà yẹn ti hu koríko nìyẹn.

Ohun tó lè ràn wá lọ́wọ́

Àkọ́kọ́, ojú tó ń wò wá kò tó bí a ṣe rò. Ní 2000, Thomas Gilovich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ ẹ̀wù tó ní àwòrán olórin kan tí àwọn ọ̀dọ́ ò kà sí, kó wọlé bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ míì. Àwọn tó wọ ẹ̀wù náà rò pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó wà nínú yàrá ló máa mọ ẹni tó wà lára ẹ̀wù àwọn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò ju nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin lọ. Olúkúlùkù ló ń wo ẹ̀wù tirẹ̀.

Èkejì, ti ohùn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbọ́ voice note ara wọn, tí wọ́n á ní "ṣé bí ohùn mi ṣe rí rèé?" Ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀. Tí o bá ń sọ̀rọ̀, ohùn ẹ ń gba ọ̀nà méjì dé etí ẹ: inú afẹ́fẹ́, àti inú egungun orí ẹ. Egungun máa ń jẹ́ kí ohùn náà nípọn, kó sì rinlẹ̀. Ẹ̀rọ kì í gbọ́ ti egungun, ti afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gbà. Nítorí náà, ohùn tó ń jọ ẹ́ lójú bí ti àjèjì yẹn ni gbogbo àwọn tó fẹ́ràn ẹ ti ń gbọ́ látọjọ́ tó o ti wà láyé. Ó ti mọ́ wọn lára. Ìwọ nìkan ló jẹ́ tuntun sí.

Ẹ̀kẹta, Yorùbá ti sọ ohun tí a fi ń borí ojú. Kò sọ pé kí á fọ́ ojú àwọn tó ń wò wá, kò sì sọ pé kí á di ojú tiwa. Ó ní ká gbójú. Gbé ojú tìẹ sókè. Ẹni tó gbójú kì í ṣe ẹni tí ojú kì í tì. Ojú ń tì í, ó sì gbé tirẹ̀ sókè bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí kò le. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń sọ "ojú ń tì mí" nílùú yín gan-an, bí ìyá ìyá yín ṣe ń sọ ọ́, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Ìkẹ́rẹ́, Èmùré, Aisegba, Àkókó, Ìjẹ̀bú, Ìlàjẹ, Kétu, níbi yòówù tí ẹ ti wá. A máa tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn nínú ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má fi òyìnbó bẹ̀rẹ̀ o.

Ó dìgbà kan ná. Ojú ò ní tì wá.